Bí Ìpín Tí A Yá Tà Ṣe Ń Pọ̀ Ju Ìpín Tó Wà Lọ: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Short Interest ETF

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kú ìjókòó o.

Àpò ìdókòwò kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní XRT. Orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí ni SPDR S&P Retail ETF; ilé-iṣẹ́ State Street ló ń bójú tó o láti 2006, ìpín àwọn ilé ìtajà ló sì kún inú rẹ̀. ETF ni wọ́n ń pe irú àpò bẹ́ẹ̀: ó kó ìpín ilé-iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀, òun náà sì ní ìpín tirẹ̀ tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà lójú ọjà. Ẹni tó bá ń wo àtẹ ìpín tí wọ́n yá tà yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni iye XRT tí wọ́n yá tà ti ju gbogbo ìpín XRT tó wà láyé lọ. Ó máa ń kọjá 100%, ó sì ti kọjá 200% rí. Báwo ni èèyàn ṣe ń yá ju ohun tó wà lọ? Ọ̀pọ̀ tó rí nọ́ńbà yìí ló ń sáré parí èrò: àwọn kan ní jìbìtì ni, àwọn kan ní ọjà àwọn ilé ìtajà fẹ́ wó, àwọn mìíràn ń kó owó wọn lé e nítorí wọ́n gbà pé gbogbo ẹni tó yá tà máa tó sáré rà á padà, tí iye rẹ̀ yóò sì fò sókè. Owó gidi ni àwọn èèyàn ń pàdánù lórí èrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi yẹ ní títú palẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ìpìlẹ̀ wá. Bí aládùúgbò bá yá kóńgò gaàrí kan lọ́wọ́ yín, gaàrí yẹn gan-an kọ́ ni yóò dá padà. Kóńgò mìíràn tó bá a dọ́gba ni. Ká ní ó gbé e lọ sọ́jà, ó tà á ní ₦1,500, gaàrí wá wálẹ̀ sí ₦1,200 lọ́sẹ̀ kejì. Yóò ra kóńgò kan, yóò dá a padà fún yín, ₦300 yóò ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Bí gaàrí bá gbówó lórí dé ₦2,500 ńkọ́? Kóńgò kan náà ni gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, ₦1,000 ni yóò sì fà yọ láti àpò ara rẹ̀ kí ó tó lè san án. Bí wọ́n ṣe ń yá ìpín tà nìyẹn. Gbogbo ìpín tí wọ́n ti yá tà tí wọn kò tíì rà padà ni wọ́n ń pè ní short interest. Àwa yóò máa pè é ní àyátà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbèsè ni àyátà, iye ìpín ni a sì fi ń kà á, kì í ṣe iye owó.

Nígbà tí a bá sọ pé àyátà ilé-iṣẹ́ kan pọ̀, ọ̀rọ̀ náà rọrùn díẹ̀ láti túmọ̀, nítorí iye ìpín ilé-iṣẹ́ kì í ṣàdédé yí padà. Àfi kí àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ náà jókòó, kí wọ́n pinnu láti tẹ ìpín tuntun jáde. Ti ETF kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ojoojúmọ́ ni ìpín ETF lè pọ̀ sí i tàbí kí ó dín kù, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí àpò náà fún láṣẹ, tí wọ́n ń pè ní AP, ni wọ́n sì ń ṣe é. AP yóò kó ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nínú àtòjọ àpò náà wá, ní ìwọ̀n tí àpò náà sọ, àpò náà yóò sì fún un ní odidi ìdì kan ìpín ETF. Ìdì kan SPY, ETF ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà tó ti wà lójú ọjà láti oṣù Kìíní 1993, jẹ́ ìpín 50,000. AP lè ṣe òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú: kí ó kó ìdì ETF wá, kí ó sì gba ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ inú rẹ̀ lọ. Bí iye ETF lójú ọjà bá ga ju ohun inú rẹ̀ lọ, AP yóò dá tuntun sílẹ̀, yóò tà á, iye yóò wálẹ̀. Bí ó bá kéré ju ohun inú rẹ̀ lọ, yóò rà á lójú ọjà, yóò dá a padà fún àpò, iye yóò gòkè. Ohun tó ń mú ETF dúró sórí iye ohun inú rẹ̀ nìyí, òun náà ló sì ń jẹ́ kí iye ìpín rẹ̀ máa fà bíi rọ́bà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi rọ́bà yìí sọ́kàn, torí òun ló wà nídìí ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí a fẹ́ sọ.

Ẹ wá jẹ́ ká yanjú àdììtú 100%. Lágbájá ní ìpín 100 nínú àpò kan, ìpín 100 yìí nìkan ló sì wà láyé. Alágbàtà rẹ̀ yá Tàmẹ̀dò ní 100 náà, Tàmẹ̀dò tà á fún Làkáṣègbè. Làkáṣègbè kò mọ̀ pé ìpín tí wọ́n yá ni òun rà, kò sì sí ìdí tó fi yẹ kí ó mọ̀. Òun ni ó ni ín báyìí. Alágbàtà tirẹ̀ náà tún yá ẹlòmíràn ní 100 yẹn, ẹni yẹn tún tà á fún ẹnì kẹrin. Ẹ kà á: Lágbájá ní 100 nínú àkáǹtì rẹ̀, Làkáṣègbè ní 100, ẹnì kẹrin ní 100, ó di 300. Gbèsè tó wà níta jẹ́ 200. Yọ 200 kúrò nínú 300, ó ku 100, iye tí àpò náà kọ gan-an. Kò sí ayédèrú kankan níbẹ̀, àyátà sì ti di 200%.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n tó tọ́ jù ni kí a pín àyátà sí àpapọ̀ ìpín tó wà lọ́wọ́ àwọn tó rà, ìyẹn ìpín tí àpò kọ pẹ̀lú àyátà. Ká mú àpẹẹrẹ tó tóbi díẹ̀. Àpò kan ní ìpín 6,000,000, àyátà rẹ̀ jẹ́ 18,000,000. Ìṣirò tí gbogbo ayé ń ṣe yóò sọ pé 300%. Ìṣirò kejì yóò pín 18,000,000 sí 24,000,000, yóò sọ pé 75%. Èyí kejì kò lè dé 100% láéláé, ó sì ń sọ ohun tó ṣe kókó: nínú ìpín mẹ́rin tó wà lọ́wọ́ àwọn tó rà, mẹ́ta wá láti ọwọ́ ẹni tó yá tà.

Ibi tí rọ́bà wọ̀ ọ́ rèé. Ká ní àwọn AP dá ìpín 2,000,000 padà fún àpò yìí lọ́sẹ̀ kan. Ìpín rẹ̀ di 4,000,000. Àyátà kò yí padà, 18,000,000 ni síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ yóò kéde 450%. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pariwo pé àwọn tó ń yá tà ti ya bo àpò náà, bẹ́ẹ̀ ẹyọ ìpín kan kò kún gbèsè wọn. Ìpín tí a fi pín in ló dín kù. Ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ sí XRT ní ìparí oṣù Kìíní 2021. Ìwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ni XRT máa ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ inú rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń tún un ṣe. GameStop wà nínú rẹ̀. Ìpín GameStop tó parí ọjọ́ 4 oṣù náà ní nǹkan bíi $17 parí ọjọ́ 27 ní $347.51, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo owó inú XRT. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wá rí i pé bí àwọn bá dá XRT padà, ìpín GameStop tí gbogbo ọjà ń wá kiri yóò bọ́ sí wọn lọ́wọ́ pẹ̀lú àwọn tó kù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó inú àpò náà ti dín ju ìdajì lọ, ìpín rẹ̀ dín kù, nọ́ńbà ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì fò sókè. Ìròyìn tí àwọn òṣìṣẹ́ SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní oṣù Kẹwàá 2021 fi hàn pé àyátà GameStop fúnra rẹ̀ ti kọjá 100% ìpín tó wà fún títà, ìpín kan náà tí wọ́n ń yá léraléra ló sì fà á.

Ẹ̀rù kan wà tí ó yẹ kí a ká kúrò nílẹ̀ níhìn-ín. Àwọn kan máa ń sọ pé bí gbogbo àwọn tó ní 24,000,000 yẹn bá fẹ́ gba ohun inú àpò lẹ́ẹ̀kan náà, àpò yóò gbẹ. Rárá. Ìpín 6,000,000 tí àpò kọ nìkan ni ó jẹ, ohun tó kún un sì wà nínú rẹ̀. Ìyókù, ọ̀rùn ẹni tó yá a ló wà, alágbàtà sì ti gba ìdógò lọ́wọ́ rẹ̀, tó máa ń tó 102% iye ìpín náà, tí wọ́n ń tún ṣe ìṣirò rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ta ló wá ń yá ETF tà, kí sì ni ó ń wá? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn tó gbà pé àpò náà yóò já wálẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ETF wọn kì í sábà jẹ́ èyí tó pọ̀ jù. Ẹnì kan lè fọkàn tán báńkì kékeré kan ní Amẹ́ríkà, kí ẹ̀rù àwọn báńkì yòókù sì máa bà á. Yóò ra $50,000 ìpín báńkì náà, yóò sì yá $50,000 KRE tà, àpò tí ìpín àwọn báńkì bẹ́ẹ̀ kún inú rẹ̀. Bí ìjì bá jà, tí báńkì tirẹ̀ já ní 10%, tí KRE já ní 18%, ó pàdánù $5,000 lápá kan, ó jèrè $9,000 lápá kejì, $4,000 kù sí i lọ́wọ́. Ẹni yìí wà nínú àyátà KRE, bẹ́ẹ̀ ìgbàgbọ́ nínú báńkì ló gbé e dé ibẹ̀. Ẹlòmíràn kò rí ìpín ilé-iṣẹ́ kan yá, tàbí owó yíyá rẹ̀ ti ga jù. Yóò yá àpò tó ní ilé-iṣẹ́ náà nínú tà ní $100,000, yóò sì ra gbogbo àwọn yòókù. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń lé bá jẹ́ 20% àpò náà, tó sì ra àwọn yòókù ní $80,000, àyátà $20,000 lórí ẹyọ ilé-iṣẹ́ yẹn ló ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, tó sì yà wá lẹ́nu pé wọn kì í sọ, ni àyátà tí ríra ń bí. Àwọn market maker ni wọ́n máa ń dúró lójú ọjà láti tà fún ẹni tó fẹ́ rà àti láti rà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà. Ká ní àwọn èèyàn sáré wá ra ìpín 10,000 nínú àpò kan, tí market maker kò ní ẹyọ kan lọ́wọ́. Ìdì kan jẹ́ 50,000. Kò bọ́gbọ́n mu kí ó lọ dá odidi ìdì sílẹ̀ nítorí 10,000. Yóò tà á fún wọn láìtíì ní in, yóò ra ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ inú àpò náà kí iye má baà sá mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò sì dúró títí ohun tó tà yóò fi tó ìdì kan. Láàárín ìgbà yẹn, ó ti wọ inú àyátà. Òfin fún un ní àyè díẹ̀. Láti oṣù Kìíní 2005 ni Regulation SHO ti ní kí alágbàtà ní ìdí tó dájú pé ìpín náà ṣeé rí yá kí ó tó gba àṣẹ títà, ṣùgbọ́n wọ́n yọ market maker sílẹ̀ nígbà tó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Láti ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2024, ọjọ́ iṣẹ́ kan péré lẹ́yìn òwò ni ìpín àti owó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọwọ́. Ẹni tó yá tà tí kò rí ìpín kó kalẹ̀ gbọ́dọ̀ yanjú rẹ̀ kí ọjà tó ṣí ní ọjọ́ iṣẹ́ kejì lẹ́yìn òwò. Market maker ní títí di ọjọ́ kẹrin. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ tí àwọn èèyàn ń ra ETF kan gan-an lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí àyátà rẹ̀ ń gòkè.

Ẹ ti ń rí ìdí tí ìrètí pé àwọn tó yá tà yóò há fi ṣòro nínú ETF. Bí ìpín ilé-iṣẹ́ bá tán lọ́jà, ó tán. Bí ti ETF bá wọ́n, AP yóò dá tuntun sílẹ̀. Ohun tó lè gbé ETF fò ni pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ inú rẹ̀ fúnra wọn fò, tàbí kí ilẹ̀kùn dídá ìpín sílẹ̀ tì. Èyí kejì ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Keje 2009, UNG, àpò gáàsì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lo gbogbo ìpín tí ìwé àṣẹ rẹ̀ gbà á láyè láti kọ, iye rẹ̀ lójú ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga ju ohun inú rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejì 2012, Credit Suisse dá kíkọ ìpín TVIX tuntun dúró. Ìwé gbèsè báńkì ni TVIX, kì í ṣe àpò gidi, ṣùgbọ́n bákan náà ni wọ́n ń tà á. Láàárín oṣù kan, iye rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó yẹ. Nígbà tí ìròyìn dé pé wọn yóò tún máa kọ tuntun ní oṣù Kẹta, ó wó láàárín ọjọ́ méjì, àwọn tó rà á lókè sì pàdánù owó tí yíyípadà ọjà kankan kò lè dá padà fún wọn. RSX, àpò ìpín ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí VanEck ń bójú tó, tún kọ́ni ní ẹ̀kọ́ mìíràn: wọ́n dá títà rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 2022. Àwọn tó ti yá a tà wò ó pé àwọn jàre, àpò náà ti di òfo, ṣùgbọ́n wọn kò rí ibi tí wọn yóò ti rà á padà láti san gbèsè wọn, owó yíyá sì ń gun orí ara rẹ̀.

Owó yíyá yìí kì í ṣe kékeré. Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ ọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbà á. Ìpín 1,000 tó jẹ́ $80 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní 5% lọ́dún, jẹ́ $80,000 lọ́nà 0.05, pín in sí 360: $11.11 lójúmọ́. Alágbàtà lè gbé 5% yẹn dé 30% lọ́la láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Bí àpò bá pín èrè, ẹni tó yá tà ni yóò san irú owó bẹ́ẹ̀ láti àpò ara rẹ̀ fún ẹni tó fún un ní ìpín náà yá. Ìdógò tún wà. Ẹni tó yá ìpín 500 tà ní $80 rí $40,000, yóò sì fi $20,000 tirẹ̀ lé e. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ $60,000. Òfin FINRA, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn alágbàtà, ní kí ohun tó ṣẹ́kù sí i má dín sí 30% iye ìpín náà lójú ọjà. Bí iye bá dé $92.31, gbèsè rẹ̀ ti di $46,155, ohun tó kù sí i jẹ́ $13,845, ó sì ti kan ògiri. Gígòkè tí kò tó 16% péré ni, ọ̀pọ̀ alágbàtà a sì máa béèrè ju 30% lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ka àyátà ETF, ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni àwọn alágbàtà ń ròyìn fún FINRA: ohun tó wà nílẹ̀ ní ọjọ́ 15 tàbí ọjọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, àti ní ọjọ́ iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn oṣù. Wọ́n ní títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kejì láti kó o wá, ọjọ́ iṣẹ́ keje ni ó sì ń jáde. Nọ́ńbà ti Friday ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 2025 jáde ní Tuesday ọjọ́ 26. Ẹni tó bá fi ra nǹkan ní ọjọ́ 26 ń wo ọjà ọjọ́ mọ́kànlá sẹ́yìn, pẹ̀lú ETF tí ìpín rẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́. Nítorí náà, ẹ lọ sí ojú ìwé àpò náà, ẹ wá iye ìpín tó wà ní ọjọ́ 15 yẹn gan-an, kí ẹ fi pín in fúnra yín. Ọ̀pọ̀ àtẹ ọ̀fẹ́ ló ń fi ìpín tòní pín àyátà ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ pín àyátà sí iye tí wọ́n ń tà lójúmọ́. Bí 18,000,000 yẹn bá wà nínú àpò tí 6,000,000 ń pààrọ̀ ọwọ́ lójúmọ́, òwò ọjọ́ mẹ́ta ni yóò tó láti rà á padà tán. Ọjọ́ mẹ́ta kò dẹ́rù bani rárá, bí 300% ti wù kó dún tó. Ẹ wo oṣù mẹ́fà sẹ́yìn pẹ̀lú, torí àwọn àpò kan wà tí àyátà ńlá jẹ́ ìwà wọn láti ọdún pípẹ́.

Ẹ má fi àyátà wé iye òwò tí wọ́n sàmì sí gẹ́gẹ́ bí yíyá tà lójoojúmọ́, tí FINRA náà ń gbé jáde. Ọ̀pọ̀ ń rí i pé ìdajì ohun tí wọ́n tà lónìí ni wọ́n yá tà, ara wọn ń gbọ̀n. Market maker tó tà ní aago mẹ́wàá tó sì rà á padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan wà nínú nọ́ńbà yẹn, kò sì sí nínú àyátà. Àtẹ SEC lórí ìpín tí wọn kò rí kó kalẹ̀ lásìkò náà ní ìdẹkùn tirẹ̀: àpapọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ. Bí 400,000 bá wà lọ́jọ́ Ajé, tí 400,000 sì wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ kò lè rò ó pọ̀ kí ẹ ní 800,000.

Ó ku àwọn tí kò ní in lọ́kàn láti yá nǹkan kan tà, tí wọ́n kàn ra ETF sínú àkáǹtì wọn ní Amẹ́ríkà. Bí àkáǹtì yín bá jẹ́ ti margin, ìyẹn èyí tí alágbàtà lè yá yín lówó nínú rẹ̀, tí ẹ sì jẹ ẹ́ lówó, ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ti sábà fún un láṣẹ láti yá ìpín yín fún ẹlòmíràn. Ìpín yín kò sọnù, ẹ lè tà á nígbàkígbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ pẹ̀lú rẹ̀, owó tí ẹ ó sì rí gbà ní ọjọ́ tí àpò pín èrè lè wá láti ọwọ́ ẹni tó yá a, èyí tí owó-orí Amẹ́ríkà kì í fún ní ẹ̀dínwó tí èrè gidi ń rí. Nínú àkáǹtì owó sísan tán, alágbàtà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ yín kí ó tó yá a, ó sì máa ń fún yín nínú owó yíyá náà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ béèrè ìdá tó máa fún yín, irú ìdógò tó máa gbé kalẹ̀ àti ibi tó máa tọ́jú rẹ̀ sí, nítorí ààbò SIPC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà bí alágbàtà bá wó, lè má dé orí ìpín tí ẹ ti fínnúfíndọ̀ yá jáde. Ìdógò yẹn ni ẹ ó gbójú lé.